Ìwé Inú Garawa



Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Igbọ́kọ̀dá, mò ń lọ kí ìyá mi ní Ayétòrò. Ọkọ̀ kò tíì kún, awakọ̀ sì ń dúró de èrò méjì sí i, nítorí náà mo tú ìwé kan jáde láti inú ọ̀rá tí mo fi wé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó tì mí wo èèpo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò wo ni ẹ fẹ́ ṣe?"

Mo ní n kò fẹ́ ṣe ìdánwò kankan.

"Ṣé olùkọ́ ni yín ni?"

Mo ní rárá, edé ni mo ń tà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kí wá ni ẹ ń kà á fún?"

Ẹ má ṣe bínú sí i. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní, "Àbúrò mi, ó dùn mọ́ mi ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí n má purọ́, kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Kí n tó rí òmíràn sọ, awakọ̀ ti fa okùn ẹ́ńjìnnì, ariwo gba ojú omi, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìdáhùn tí n kò rí ààyè fún un ni mo fẹ́ kọ lónìí.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀. N kò lè sọ fún yín pé ìwé báyìí ni ó dára jù lọ ní èdè Yorùbá. Ohun tí mo lè sọ ni èyí tí mo fẹ́ràn, àti bí mo ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n kò sì rọrùn, nítorí òkun ni ó fi hàn mí.

Kí n tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ń kó wọn sí. Ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lè to ìwé sórí pẹpẹ kí ó sì gbàgbé wọn níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó bá dán irú rẹ̀ wò ní etíkun Ìlàjẹ yóò kábàámọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti òkun bọ̀ gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin dání. Ọ̀rinrin náà á wọ inú ìwé, ojú ewé á wú, gọ́ọ̀mù tí ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú á tú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Mo ti rí ìwé tuntun tí ó di ìwé àádọ́ta ọdún láàárín òjò kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá mi fún mi ní garawa oníke kan tí wọ́n fi ta ọ̀dà, èyí tí ìdérí rẹ̀ le pinpin. Ó fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́ títí òórùn ọ̀dà fi kúrò nínú rẹ̀, ó ní, "Kó àwọn ìwé rẹ sí ibẹ̀, kí o yé sunkún." Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ìwé sínú garawa. Bí oòrùn bá ràn, a ó kó wọn jáde, a ó sá wọn sórí afárá pákó iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ edé. Ìdí nìyí tí ìwé mi fi ń rùn bí edé títí di òní olónìí. Bí mo bá ya ènìyàn ní ìwé, ó máa ń dá a padà kíá.

Garawa náà kò tóbi. Bí a bá tò ó dáadáa, ìwé mẹ́sàn-án ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ní yàrá ìkàwé lè sọ pé gbogbo ìwé ni òun fẹ́ràn. Ẹni tí ó ní garawa kan kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kìn-ín-ní tí ó wọ inú rẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni ìlú rẹ̀ àti ìlú tiwa wà lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú rẹ̀ ti sọ irú ayé tí ó mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, n kò tíì rí igbó kìjikìji rí. Omi, ẹrẹ̀, yanrìn àti pákó ni mo mọ̀. Nítorí náà, bí Àkàrà-oògùn bá ti wọ inú igbó, àwọn igi etí omi tiwa ni mo máa ń rí, àwọn tí gbòǹgbò wọn yọ sókè nínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Mo gbà gbọ́ pé ẹnu odò ni Àgbákò ń gbé, n kì í sì í fẹ́ kọjá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dàgbà tí mo rí igbó gidi ní ọ̀nà Oǹdó, ó yà mí lẹ́nu pé kò bani lẹ́rù tó tèmi.

Kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Fágúnwà fẹ́ràn láti máa gba òǹkàwé ní ìmọ̀ràn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, mo máa ń fò ó, kí n lè tètè dé ibi tí ìjà wà. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ṣì ń fò ó. Ohun tí n kò lè fò ni bí òǹkọ̀wé náà ṣe kú. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1963, ọkùnrin tí ó kó wa wọ inú igbó tí ó sì kó wa jáde láyọ̀, omi ni ó gbé e lọ ní Wuya, ní ẹ̀gbẹ́ Bídà. Nígbà tí mo ka ìtàn náà fún ìyá mi, ó bọ gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sí itan, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwa ará omi mọ irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ìwé kejì ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974. Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n nípasẹ̀ fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1997, èyí tí ó tún sọ ìró kékeré àti bùbá di aṣọ tí gbogbo ọmọge ń dá. Ìwé ni èmi kọ́kọ́ kà. Ìyá mi kò lọ jìnnà ní ilé ẹ̀kọ́, Bíbélì ni ó fi kọ́ ìwé kíkà, kì í sì í lè ka lẹ́tà kéékèèké bí èéfín bá ti wọ̀ ọ́ lójú. Nítorí náà, èmi ni mo máa ń kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bí òun ti ń yí ẹja padà. Ìjà dé lórí ẹni tí ó yẹ kí Àjàní fẹ́. Ti Àṣàkẹ́ ni èmi ń ṣe. Ti Lọ́lá ni ìyá mi ń ṣe, ó ní ọmọ tí ó mọ̀wàá hù ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Ṣadé, aládùúgbò wa tí ó ti ń gbọ́ wa láti inú ilé tirẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. N kò ní sọ òpin ìwé náà fún ẹni tí kò tíì kà á. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹja jóná ní alẹ́ ọjọ́ tí a kà á tán.

Ìwé kẹta ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Lápàdé tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìtàn ṣe ń dùn, ẹ ka irú ìwé yìí ní ibi tí kò ti sí iná. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí etíkun wa fi wà láìsí iná ìjọba. Bí kẹrosíìnì bá tán ní àárín ìlépa, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe ju pé kí ó dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ó máa dá ìyókù ìtàn rò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà mìíràn, èyí tí mo rò máa ń burú ju èyí tí Òkédìjí kọ lọ.

Ìkẹrin ni ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. I. B. Thomas ni ó kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ọdún 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin aláìsàn kan ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà gbọ́ pé obìnrin náà wà láàyè. Èmi tí mò ń kọ ojú ìwé yìí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè kà á láìjowú. Ta ni kò fẹ́ kí òǹkàwé máa retí òun bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá ti fọkàn bá mi bọ̀, ẹ ó ti rí i pé ohun kan kò sí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Òkun ni. Igbó wà níbẹ̀, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Èkó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé Yorùbá tí mo kà, n kò tíì rí àwọn ènìyàn tí ń gbé orí omi bíi tiwa. Ìwé kan tí Ernest Hemingway ará Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 1952, The Old Man and the Sea, ni mo ti kọ́kọ́ rí wọn. Kúbà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Apẹja arúgbó kan lo ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láìrí ẹja pa. Ní ọjọ́ karùndínláàádọ́rùn-ún, ó dá lọ sí ojú agbami, ó mú ẹja kan tí ó gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó délé, àwọn ẹja ẹlẹ́yín mímú ti jẹ ẹ́ ku egungun.

Mo sọ ìtàn náà fún ìyá mi àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja, ní ẹ̀ka èdè tiwa. Mo rò pé wọn yóò káàánú. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n bínú. Ọ̀kan ní, "Kí ló dé tí ó fi dá nìkan lọ?" Mo ní ọmọ tí ó máa ń bá a lọ, àwọn òbí rẹ̀ ti mú un lọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Èkejì ní, "Ta ni ìbá bá a yan irú ẹja bẹ́ẹ̀?" Mo ní ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi ní, "Ẹja kọ́ ni ó pàdánù nígbà náà." Mo ti ka àlàyé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìwé yẹn. Èyí tí ó ti ẹnu ìyá mi jáde ni ó ṣì wà lọ́kàn mi.

Ẹ ó wá bi mí pé, yàtọ̀ sí ìwé, kí ni ó tún ń dùn mọ́ mi? Kò pọ̀. Mo fẹ́ràn kí òjò máa rọ̀ sórí páànù nígbà tí mo bá wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn láti jókòó sí etí afárá pákó ní àárọ̀, kí ẹsẹ̀ mi máa mì lókè omi. Mo fẹ́ràn tíì gbígbóná tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí dókítà ṣe fẹ́ lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ràn pupuru. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni. A ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sì yan án lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ yóò ha dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, yóò gún un, yóò jọ̀ ọ́, yóò sì rò ó nínú omi gbígbóná. Òórùn èéfín kì í kúrò nínú rẹ̀, òórùn náà sì ni ó dùn. Bí mo bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja tútù, tí mo fọ ọwọ́, tí mo sì ṣí ìwé, n kò bá ọba ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo ti sọ pé òkun ni ó fi ohun tí mo fẹ́ràn hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣe é.

Ní ọdún 1947 ni àwọn àpọ́sítélì tẹ Ayétòrò dó, àlàáfíà sì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ìlú aláyọ̀. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó gbé ibi tí àwọn bàbá wa ti ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ti tú ilé rẹ̀, tí ó tún un kọ́ sẹ́yìn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó wá bá mi gbé ní Igbọ́kọ̀dá. Ó ní òun kò lè sùn níbi tí òun kò ti ní máa gbọ́ ohùn omi.

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú òjò ọdún tí ó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ilé ìdáná ti lọ. Wá bá mi kó ẹrù." Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò ti ń yọ páànù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a rí yá, àwọ̀n, ìkòkò, pákó àti ènìyàn mẹ́ta ni yóò sì gbé. Òjò ṣì ń rọ̀. Ìyá mi ní edé gbígbẹ tí òun ti tọ́jú, èyí tí a ó tà kí a lè fi san owó àwọn káfíńtà. Bí omi bá kàn án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú gbogbo ilé náà, ohun kan ṣoṣo ni ó ní ìdérí tí omi kò lè wọ̀.

Ó wo garawa mi. Ó wo mí. Kò pàṣẹ fún mi. Ó kàn béèrè ni, "Ọmọ mi, báwo ni a ó ṣe ṣe é?"

Mo da àwọn ìwé náà sórí ibùsùn, a da edé sínú garawa. Nígbà tí edé wọlé tán, ààyè ìwé mẹ́rin ni ó kù. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹ̀yin ará, n kò ro ó rárá. Ọwọ́ mi ni ó mú Fágúnwà tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ó mú Ó Le Kú tí òróró ẹja wà ní ojú ewé rẹ̀. Ó mú Àjà Ló Lẹrù, ó mú Ṣẹ̀gilọlá. Ìwé méjì wà níbẹ̀ tí mo rà ní owó gọbọi nítorí pé gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n. Ìwé ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá méjì wà níbẹ̀, èyí tí mo tọ́jú pé yóò wúlò fún ọmọ ẹnì kan. N kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ìwé apẹja arúgbó nìkan ni mo mú, tí mo gbé kalẹ̀, tí mo tún mú. Mo fi ọ̀rá wé e, mo kì í bọ inú agbọ̀n ìkòkò.

A gúnlẹ̀ láyọ̀. Edé kò rin, a tà á, ilé dúró. Ìwé mẹ́rin inú garawa kò rin, òórùn wọn nìkan ni ó le sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ti ya nínú agbọ̀n. Nígbà tí mo tú u, ìwé apẹja ti di ẹ̀kọ.

Mo banú jẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo padà lọ síbẹ̀, mo bá ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tuntun, àwọn ọmọ àdúgbò yí i ká. Ìtàn apẹja Kúbà ni ó ń sọ fún wọn. Mo jókòó, mo tẹ́tí. Nígbà tí ó dé ibi tí arúgbó náà ti fẹ́ gbéra, ìyá mi ní ọmọkùnrin kékeré náà sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó sì fò sínú ọkọ̀ bàbá. Àwọn méjèèjì jọ lé àwọn ẹja ẹlẹ́yín mímú padà. Ẹja ńlá náà dé èbúté ní odidi, obìnrin méje ni ó yan án, Igbọ́kọ̀dá sì ni wọ́n ti tà á.

Ó wo mí láti òdìkejì iná, bóyá n ó tako òun. N kò sọ nǹkan kan. Mo bu pupuru sí àwo, mo jẹun.

Nítorí náà, àbúrò mi inú ọkọ̀, bí o bá ń ka ojú ìwé yìí, ohun tí mo ń kà á fún nìyẹn. Ìwé tí mo fẹ́ràn ni èyí tí mo rí ẹnì kan bá jà lé lórí, tàbí tí ó jẹ́ kí n bẹ̀rù ẹnu odò, tàbí tí ìyá mi tún ṣe nítorí pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sí ẹni tí yóò bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Síbẹ̀, nígbà tí omi dé, ọwọ́ mi mọ èyí tí yóò mú.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo ìwé tí ẹ ní nílé. Bí ààyè mẹ́rin péré bá kù, èwo ni ẹ ó mú? Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ má ṣe dárúkọ èyí tí àwọn olùkọ́ yín yóò yìn yín fún o, èyí tí ọwọ́ yín yóò mú gan-an ni kí ẹ sọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí omi ó tòrò fún wa.